Òpó Kẹta

Yèyé mi, Efúnyẹlá, ní ojú òun ló ti ń ṣú.
Ó ní láti ìgbà tí tírélà ti sọ Ògèrè dilé
ni ìràwọ̀ ti ń já bọ́ lójú òun lọ́kọ̀ọ̀kan
bí eyín arúgbó.

Mo ní, "Yèyé, ọjọ́ orí ni."
Mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù.
Wọ́n bó awọ funfun kúrò lójú ọ̀tún,
lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n bó tòsì.
Owó obì ọdún kan gbáko ló bá a lọ.

Ó délé, ó rí èèrà lára ògiri,
ó rí ewú nínú irùngbọ̀n mi,
ó ní, "Ìwọ náà ti dàgbà tó báyìí?"
Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó gbé àpótí síta,
ó gbójú sókè.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé dókítà yẹn ò gbàgbé nǹkan síbẹ̀?"

Ojú ọ̀run pọ́n rẹ́súrẹ́sú
bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò epo.
Iná ilé epo mẹ́rin, iná ọgbà tírélà,
iná ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn,
àti tiwa: òpó sólà mọ́kànlá
tí ẹgbẹ́ àdúgbò dáwó rà.
Èmi ni akápò.
Orúkọ mi wà lára òpó kẹta, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́.
Àwọn tó ń jí ewúrẹ́ gbé ti jìnnà sí wa,
n kò ní í purọ́.

Yèyé ní nígbà tí òun ń bá ìyá òun lọ ṣa ìgbín,
òkùnkùn a dúdú bí kóró iṣin.
Wọn a kọ́kọ́ wo òkè kí wọ́n tó wọ igbó.
Àgùàlà rè é, kì í ṣe ajá òṣùpá,
má dá wọn lóhùn.
Adìẹ tòun tọmọ rè é.
Ibi tó funfun lọ gbọọrọ yẹn,
ẹnìkan ló ń sẹ́ gàrí
tí atẹ́gùn já asẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kàwé títí dé Ìjẹ̀bú-Òde,
n kò rí gàrí yẹn rí.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, ó mú ìró dúdú kan jáde,
èyí tó fi ṣọ̀fọ̀ bàbá mi.
Ó ní, "Akápò, gun òpó rẹ."
Mo wọ̀tún, mo wòsì.
Èmi ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta,
mo gbé àkàbà ti orúkọ ara mi.
Mo fi ìró bo iná náà lórí, mo so ó pinpin.
Àwọn kòkòrò tó ń jó yí i ká
já lé mi lọ́rùn.

Òkùnkùn kékeré kan tẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa,
kò fẹ̀ ju ẹní lọ.
A jókòó sínú rẹ̀.
Ajá kan gbó, ó tún dákẹ́.

Mo ka ìràwọ̀ méje.
Yèyé ní mẹ́sàn-án ni.
Ó ní, "Adìẹ ti dé. Àwọn ọmọ ò tíì tẹ̀lé e."

Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi
orúkọ ta ló wà lára òpó kejì.