Òróró Inú Ewé

Àpò ìwé méjì ni Eudoro Quizhpe fi sílẹ̀ lórí tábìlì nílùú Loja,
ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Zamora,
èkejì láti orí òkè tí ìkùukùu kì í ká lójú rẹ̀.
Orúkọ kan náà ló kọ sára méjèèjì.
Ṣùgbọ́n lára èkejì, ó fi pẹ́ńsùlù fa àmì ìbéèrè kan,
fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìwé gbọ́.
Lẹ́yìn náà, ó kú.

Delfina Sarango ló jogún àmì ìbéèrè náà.
Kò jogún owó. Kò tilẹ̀ jogún àga.

Ewé-ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń pè é:
kò ní òdòdó, kò ní èso, kò ní gbòǹgbò gidi,
ó lẹ̀ mọ́ èèpo igi bí ìpẹ́ ẹja.
Bí òjò bá dá, á ká jọ, á ṣe bí òkú;
bí ìrì bá fọwọ́ kàn án, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Delfina kán omi sí ewé gbígbẹ náà, ó dúró,
ó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù.
Ewé gun ewé bí páànù òrùlé:
bákan náà.
Ewé kékeré abẹ́ ikùn, tó là sí méjì bí ahọ́n ejò:
bákan náà.
Àpò tíńtín etí ewé, tó ń fi omi pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀:
eyín kan níhìn-ín, eyín kan lọ́hùn-ún,
àbí eyín kan àtààbọ̀ ni? Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹjọ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi.
Ọ̀gá tuntun ní, "Ìyá kan ló bí wọn.
Kọ orúkọ kan, ká lọ jẹun."

Èmi tí mò ń ròyìn yìí mọ òwe tí ọ̀gá náà ìbá pa
ká ní ó gbọ́ èdè wa:
bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.
Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn
ti dúró nínú òkùnkùn rí, ó ti gbójú sókè,
ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé, èyí kì í ṣe tọ̀hún.

Ohun kan wà tí àpò ìwé kò lè tọ́jú.
Òróró ń bẹ nínú ewé-ẹ̀dọ̀ nígbà tó wà láàyè;
bó bá gbẹ, òróró á lọ, kò ní fi àpá sílẹ̀.
Eudoro mọ̀. Orúnkún rẹ̀ ni kò gun òkè mọ́.

Delfina wọ bọ́ọ̀sì ìdájí.
Ó já èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó gun òkè já èkejì,
òjò pa á dé egungun,
ó gbé ike áísìkirimù méjì lé itan padà wálé.
Obìnrin oníwàràkàṣì tó jókòó tì í bi í pé kí ló dì mú tó bẹ́ẹ̀.
"Aláìsàn," ló fèsì. Obìnrin náà sún síwájú, ó fún un láyè.

Aago mọ́kànlá alẹ́.
Ti ẹ̀bá ọ̀nà: nínú yàrá ara kọ̀ọ̀kan, òróró kan ṣoṣo,
aláwọ̀ oyin, ó dì jọ bí ṣírí àjàrà.
Ti orí òkè: méje, mẹ́jọ, mọ́kànlá,
wọ́n mọ́ gaara bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́.
Ó fi ìka ra á, ó gbóòórùn: ó ta sánsán bí ata.
Ó ra ti ẹ̀bá ọ̀nà. Omi lásán.

Ó wò wọ́n títí, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́
wọn á ti máa kéré.

Kò pa àmì ìbéèrè náà rẹ́.
Ó mú pẹ́ńsùlù kan náà, ó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́,
ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ó kọ ọjọ́, ó kọ wákàtí.
Orúkọ ṣì ń bọ̀.
Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ewé náà kí ìkùukùu lè wọlé,
ó wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ní tútù.