Àṣẹ́kù

Àwọ̀n ọkọ̀ ẹlòmíràn ló fà á gòkè létí erékùṣù Lófótẹ́ẹ̀nì,
láàrin panla tútù tí ń fi ìrù na ara wọn:
àpótí dúdú kan, kò ju ìdajì búrẹ́dì lọ,
iyọ̀ ti jẹ ẹnu rẹ̀, ìṣáwùrú ti kọ́lé sí i lẹ́yìn.
Kjartan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Svolvær
fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta,
ó yọ ohun tó wà nínú rẹ̀: nọ́ńbà, nọ́ńbà, nọ́ńbà.
Ó tẹ èyí tó kẹ́yìn sórí bébà, ó fi ránṣẹ́ sí Torunn.

1360539060

Kò sí oṣù níbẹ̀. Kò sí òwúrọ̀, kò sí alẹ́.
Ó dà bí àlejò tí a bi pé ìgbà wo lo dé,
tó ní, "Ẹ lọ ka ìṣísẹ̀ mi láti ẹnu ọ̀nà."

Tiril, ọmọ ọdún méjìlá, fa pẹ́ńsùlù yọ.
Wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé pé ọjọ́ kìíní ọdún 1970
ni kọ̀ǹpútà ka ayé sí pé ó bẹ̀rẹ̀,
pé láti ìgbà náà ló ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá, tí kò sùn.
Ó fi 86400 pín in, iye àáyá inú ọjọ́ kan.
Ọjọ́ 15746. Àṣẹ́kù, 84660.
Ó yọ ọdún mẹ́tàlélógójì kúrò,
kò gbàgbé ọdún mọ́kànlá tí Fẹ́búárì fi ọjọ́ kan ṣe èènì.
Ó ku ogójì ọjọ́ géérégé.
Ibẹ̀ ló ti fi rọ́bà pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí orí òdo ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀,
kò dà bí èdè tí mo fi ń kọ èyí,
tí ọ̀túnla ti jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta òní,
tí òní alára kì í gbà kí a fo òun.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì, 2013.
Agogo mọ́kànlá alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Torunn ń nu abọ́ tó ti gbẹ tipẹ́.
Ọjọ́ kẹwàá náà ló wà lára òkúta Audun:
alẹ́ ọjọ́ Àìkú (ẹ gbọ́ orúkọ) ni rédíò rẹ̀ dákẹ́.
Ní ilé ìwòsàn Gravdal, òru ọjọ́ kan náà,
agogo méjìlá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá
kí Tiril tó figbe ta.
*Bàbá rẹ lọ lánàá, ìwọ dé lónìí.*
Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún un nìyẹn, ó ti mọ́ ọn lára
bíi bàtà tó fún ni díẹ̀.

"Aago ibo ni wọ́n fi kà á?"
Ó tẹ Kjartan láago. Kjartan ń jẹun lọ́wọ́.
"Aago Gríníìṣì," ó ní, ó gbé òkèlè mì,
"ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́hùn-ún. Lásìkò òtútù,
fi wákàtí kan kún un kó tó di tiwa."

Wákàtí kan.
Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: ọjọ́ kọkànlá. Ọjọ́ Ajé.
Òru ti fi ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá méjìlá,
ọkọ̀ ṣì ń rìn, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, sílé.
Ó yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Audun kò mọ̀. Kò sí ẹni tó rí i pè.
Nọ́ńbà kò sì purọ́ pé ó mọ̀.

"Ṣé a máa tún òkúta náà gbẹ́?"
"Agbẹ́kùúta ti gbówó lérí," ni Torunn wí,
ó gbé abọ́ kalẹ̀,
ó yí aago ìdáná sí méjìlélógún,
ó gbé e sáàrin tábìlì,
àwọn méjèèjì jókòó tì í.