Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yí rédíò sókè.
Bí mo bá ti kọjá Ìyàrà, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bí ìkòkò,
ohùn kan á máa kàn lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì mi:
kọ̀, kọ̀-kọ̀, kọ̀.
Mo ní iṣu ni, iṣu ló ń yí nínú búùtù.
Ọjọ́ tí kò sí iṣu, mo ní jáàkì ni.
Mo gbé jáàkì sílé,
ohùn náà bá mi jáde.

Mẹ́jàbí ò bá mi jiyàn.
Abẹ́ igi káṣú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀,
létí ọ̀nà tó jáde ní Kàbà lọ sí Ọbàjànà,
níbi tí tirela sìmẹ́ńtì ti lọ ọ̀dà di erùpẹ̀,
tí ewé ò rántí àwọ̀ ewé mọ́.
"Ọ̀kun o," ló kí mi.
Ó fọwọ́ lu ọkọ̀ náà nímú: "Ọ̀kun o, àgbà."
Ó gbé e sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá eyín ọmọ ti ń mì.
Ó mì ín.
Ó mì.

Bọ́lọ́rundúró, ọmọṣẹ́ rẹ̀, tan iná fóònù sábẹ́.
Mo rí bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì,
rọ́bà tó bò ó ti ya bí ètè nígbà ọyẹ́,
gíríìsì ti sá jáde, iyanrìn ti wọlé jókòó.
"Kì í ṣe irin ló kọ́kọ́ kú," Mẹ́jàbí wí.
"Rọ́bà ni. Rọ́bà kékeré tẹ́nikẹ́ni ò bẹ̀ wò.
Ọjọ́ tó ya, owó àkàrà ni.
Lónìí, lọ ta ọgọ́ta iṣu wá."

Ó ń tú nọ́ọ̀tì, ó ń sọ̀rọ̀, kò wojú mi.
Pé ta ló ní kí n máa tẹ búréèkì wọ kòtò?
Kí n tẹ̀ ẹ́ kí n tó dé ibẹ̀;
bó bá ku díẹ̀, kí n gbẹ́sẹ̀ kúrò,
torí ọkọ̀ tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀
kò ní orúnkún tí yóò fi gba ìjì.
Pé ẹrẹ̀ òjò tó gbẹ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ìpẹtà ló ń bí níbẹ̀;
kí n da omi síbẹ̀ pẹ̀lú,
kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì táyé ń rí nìkan.
Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún ń làágùn epo.
Ó ní ìbejì ni ṣọ́ọ̀kì,
a kì í pààrọ̀ Táyé ká fi Kẹ́hìndé gbígbó sílẹ̀.
Ẹyọ kan ni owó mi ká.
Ó ní kí n lọ, kí n padà wá tó bá pé méjì.

Nígbà tó kan bọ́ṣìn,
Bọ́lọ́rundúró fẹ́ fún bọ́ọ̀tì pa lójú òfurufú.
Ọ̀gá gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Jẹ́ kó gúnlẹ̀ ná.
Ohun tí o bá dè nígbà tẹ́sẹ̀ ń rọ̀ dirodiro,
ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya."
Mo rántí ìgbéyàwó mi àkọ́kọ́.
N ò sọ fún un.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Ìyàmoyè.
Mo ti pa rédíò láti ẹnu ọ̀nà Kàbà.
Mo gbọ́ kòkòrò, mo gbọ́ táyà,
mo gbọ́ bí mo ṣe ń mí.
Ìyá mi wà lórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn,
ó ń fi òrí pa orúnkún.
Ó dìde kó lè kí mi dáadáa.
Orúnkún náà ró: kọ̀.
"Àpótí ni," ó yára wí, "àpótí yìí ti gbó."

Mo gba abọ́ òrí lọ́wọ́ rẹ̀.