Ọ̀kẹ́ Kan

Ọ̀kẹ́ kan náírà ni wọ́n kà lé mi lọ́wọ́
ní Pópó Àgùdà, lọ́jọ́ tí mo buwọ́ lùwé.
Kò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ oṣù kan.
Wọ́n ní ìyókù ń bọ̀.
Ìyókù ṣì ń bọ̀.

Ìwé náà ní ilé bàbá wa ti di eléwu,
ká wó o kó tó wó pa èèyàn.
Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àná ọjọ́ náà gan-an
mo fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, ó tutù bí ìdí àmù,
ògiri tí Tìmótíù, bàbá bàbá wa, fọwọ́ ara rẹ̀ mọ,
tó fi òdòdó símẹ́ńtì dé fèrèsé kọ̀ọ̀kan lórí.

Ká ní ogún mílíọ̀nù ni,
ǹ bá ní owó ló tì mí ṣe é.
Wọn ì bá bú mi, ì bá sì yé wọn:
owó ńlá kì í wá àwáwí, òun gan-an ni àwáwí.
Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ kan?
Ta ní í ta ilé baba rẹ̀ ní ọ̀kẹ́ kan,
bí kì í ṣe òmùgọ̀ tàbí olè?
Èmi kì í ṣòmùgọ̀. N ò sì jalè rí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ihò lára ògiri.
Lọ́sẹ̀ kìíní, mo ní òrùlé ń jò díẹ̀.
Kó tó di Àjíǹde, àtẹ̀gùn pákó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ kan.
(Ọmọ wo? N ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.)
Mo sọ fún wọn ní Kàtídírà
pé ìgbéraga lásán ni òdòdó símẹ́ńtì yẹn,
pé ooru ilé náà ló pa ìyá wa.

Àǹtí Wúràọlá wá láti Súrùlérè,
ó dúró ti òkìtì bíríkì, kò sunkún.
Ó ní, "Àkàngbé, ṣebí ìwọ lo máa ń tẹ́ní sí pálọ̀ yẹn
lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, pé ibẹ̀ tutù ju gbogbo Èkó lọ?"
Mo ní, "Èmi kọ́ o."
N ò purọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn:
mo wá inú ara mi dé ìsàlẹ̀,
n ò bá ẹni tó sùn síbẹ̀.

Ilé alájà mẹ́fà ló wà níbẹ̀ báyìí.
Mo máa ń yìn ín fún àlejò.
Lánàá, bí mo ṣe ń sá fún òjò,
mo fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀, ó gbóná.
Ẹ̀yìn mi gbọ̀n, ó kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yìn mi nìkan ni kò tíì buwọ́ lùwé.