Ẹsẹ̀ Mi Ò Tíì Gbọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn ilé Olúwa ní Ìkìjà,
Tíṣà Ṣówémìmọ́ á fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó:
Oore-ọ̀fẹ́. Ìdáláre. Ìràpadà. Ìsọdimímọ́.
Mo há gbogbo rẹ̀ sórí.
Ohun tí mo há kò wọnú.

"Tíṣà, ta ni wọ́n san owó ìràpadà náà fún?"
Ó wò mí. Ó nu pátákó.
"Ìyẹn jinlẹ̀. Ẹ máa lọ sílé."

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà,
Ẹfúnyẹlá, tó ń ṣa ẹ̀wà lójú àtẹ.
Kò mọ̀wé. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.
"Ìràpadà kẹ̀? Èmi nìyí."

Bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè òkú, ọ̀kẹ́ mẹ́rin owó ẹyọ,
òkú tí gbogbo àdúgbò jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n nu ẹnu;
ó wá fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà ní Òṣíẹ̀lẹ̀.
Ọdún méje. Àkùkọ kọ, ó ti dé oko olówó;
oòrùn wọ̀, ó ṣì ń kọ ebè.
"Iṣẹ́ ìwọ̀fà, èlé ló ń jẹ, ọmọ mi.
Bó o ṣe é títí tí ọwọ́ fi bó,
kò lè kan ojú owó láéláé."

Lọ́jọ́ kan ni Ṣóbándé dé, àbúrò ìyá rẹ̀,
ẹni tí kò jẹ, tí kò mu níbi òkú ọjọ́sí.
Ó ti ta oko obì rẹ̀.
Ó ka owó lé olówó lọ́wọ́, ẹyọ kan kò dín.
"Ó ní, 'Dìde, ká máa lọ sílé.'
Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀."

"Ẹ yọ̀ gan-an nígbà náà, Ìyá?"
Ó dákẹ́. Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ.
"Fún oṣù mẹ́ta gbáko tí mo ti délé,
àkùkọ á kọ, màá ti gbé agbọ̀n,
màá ti dé ẹ̀bá odi kí n tó rántí.
Wọ́n ti rà mí padà.
Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́."

Èmi náà ń wàásù báyìí, nínú ẹ̀wù funfun.
Mẹ́talọ́kan ṣì ń rú mi lójú;
ìbéèrè tí mo bi tíṣà, n kò rí ẹni dá a lóhùn.
Ṣùgbọ́n ní kùtùkùtù, tí ìbínú àtijọ́ bá pè mí lórúkọ,
mo máa ń bá ara mi lójú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀,
tèmi tagbọ̀n.
Màá dúró.
Màá tún un sọ fẹ́sẹ̀ mi.