Ohun Tí Máńgòrò Ń Mu

Òjò Agẹmọ rọ̀ mọ́jú ní Màsífà,
ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀:
gbùlú-gbùlú, bí arúgbó tó ń fi omi fọ ọ̀nà ọ̀fun.
Mo da omi sí i, omi dúró, ó ń wò mí.
Mo dà á lẹ́ẹ̀kejì,
ó gòkè wá kí mi.

Ará ilé mẹ́rin, ayálégbé mẹ́ta,
kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan,
kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan síbẹ̀.
Gbogbo wa la mọ́ tónítóní,
sókáwè nìkan ló dọ̀tí.

Ẹnjiníà Oyèkànmí dé pẹ̀lú bàtà òjò.
Kò ṣí ìdérí. Ó fi gìgísẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì,
ó mi orí bíi dókítà.
"Màámi, kòtò yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ tuntun."
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí bisikíìtì:
búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, irin, páìpù, owó iṣẹ́,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì náírà.
Owó ìfẹ̀yìntì mi oṣù mẹ́rìndínlógún,
bí n kò bá jẹun,
bí n kò bá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru,
kí n kó o sin sílẹ̀, kí a máa ṣu lé e lórí.

Ọlátẹ́jú pè láti Ìbàdàn:
"Ẹ gbà fún un, kí àrùn má baà wọlé."
Ìmọ̀ràn rẹ̀ pọ̀ ju owó tó fi ránṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń yá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Ìyá Dúrótoyè
bí ẹni ń yá ọlọ.
Ó ní ká máa bọ̀, kò sí wàhálà,
ṣùgbọ́n mo rí i tó ń ka garawa omi.

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Sùfiánù,
ẹni tó gbẹ́ kòtò náà nígbà tí eyín ṣì pé lẹ́nu rẹ̀.
Ó gbé ìdérí, ó tẹjú mọ́ ọn.
"Kò tíì kún dé ìdajì."
Ó ti irin gígùn bọ páìpù,
ó fà á, ó tún fà á,
gbòǹgbò jáde, ó gùn ju apá mi lọ,
irun wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí irùngbọ̀n òkú.

Máńgòrò tí ọkọ mi gbìn!
Ọdún mọ́kànlélógún la fi ń jẹ ẹ́,
tí à ń yìn ín fún adùn,
a ò bi í léèrè ohun tó ń mu.

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, páìpù kan, ọṣẹ tó fi wẹ̀.
"Ẹ gé igi yẹn," ni Sùfiánù wí,
"tàbí kẹ́ ẹ máa pè mí lọ́dọọdún."
Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí òun náà.

N kò tíì gé e.
Ẹnjiníà ṣì ń pè, ó ní ilé á rì.
Bóyá òun ló mọ̀.
Lóru, bí mo bá da omi tán,
mo máa ń dúró díẹ̀ nínú òkùnkùn, kí n tẹ́tí.
Lóde, ewé tuntun ti yọ lórí máńgòrò,
ó pupa rúsúrúsú.