Oríkèé

Ní Upernavik, òkun ti dì gbagidi.
Bolette jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, séèlì kan níwájú rẹ̀,
ọ̀bẹ rẹ̀ rí bí àbọ̀ òṣùpá.
Kò ṣá a ní ìṣákúṣàá.
Ó ń fi ìka wá oríkèé,
ibi tí egungun ti ń yọ̀ǹda fún egungun,
ibẹ̀ ló ń ki ẹnu ọ̀bẹ bọ̀.

Tuperna ọmọ ọmọ rẹ̀ ti Kòpẹ́hágìn dé
tòun ti ìwé àti gègé, ó ń wá
ohun tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń pè ní mọ́fíìmù.
"Ìyá àgbà, ẹ bá mi tú *illorsualiussaanga*."
Bolette kò gbójú sókè.
"*Illu*, ilé nìyẹn. Fi ńlá lé e.
Fi kíkọ́ lé ńlá. Fi ọ̀la lé kíkọ́.
Èmi ni mo kẹ́yìn,
bí ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn tó sì ti ilẹ̀kùn."
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: màá kọ́ ilé ńlá kan.

Àwa tí a ń sọ onílé, tí a ń sọ aláìnílé,
irú ìdè yìí kò ṣàjèjì sí wa;
iwájú la ti ń so tiwa, ẹ̀yìn ni wọ́n ń so tiwọn.
*Ibù* ló ṣáájú nínú ibùgbé, nínú ibùsùn;
*-vik* tiwọn ló jókòó sí ìdí orúkọ ìlú náà:
ibi ìgbà ìrúwé,
bẹ́ẹ̀ igi kan kò sí níbẹ̀ tí yóò rúwé.

"*-Lior* ńkọ́, tó bá dá wà?"
Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ọ̀rá ń kán létí ọ̀bẹ.
"Ta ni yóò kí apá tí kò ní èjìká?"
Tuperna dákẹ́.
Ó rántí yàrá rẹ̀ ní Kòpẹ́hágìn:
ọdún mẹ́ta, ìkòkò kan, ṣíbí kan.

Lójú fèrèsé, ilé pupa tí bàbá àgbà kọ́
ti wó láti ìgbà òtútù èṣí.
"Kí lẹ ń pe ìyẹn báyìí?"
Bolette nu ọ̀bẹ sára aṣọ rẹ̀.
"*Illukoq*. Ohun tó ti jẹ́ ilé rí."
Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ṣùgbọ́n *illu* ṣì wà níwájú."

Ó na ọ̀bẹ sí ọmọ náà.
"Èjìká òsì ló kù. Fi ìka wá a."